Bí A Ṣe Ń Wo Dátà Sensọ̀ Bó Ṣe Ń Wọlé, Tí Gráàfù Kò Fi Ní Tàn Wá Jẹ

Kí ìlà máa rìn lójú kọ̀ǹpútà kò le. Ẹ so sensọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù Arduino, ẹ kọ Serial.println(analogRead(A0)) sínú loop, apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì ṣí Serial Plotter, ojú ìwé tó ń ya gráàfù nínú Arduino IDE. Bí nǹkan wúruwùru bá ń jáde, ẹ wo baud rate, ìyẹn bí dátà ṣe ń yára kọjá sí: nọ́ńbà tó wà nínú Serial.begin àti èyí tó wà lójú Plotter gbọ́dọ̀ bára mu. Bí pọ́ọ̀tù bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ pa ètò mìíràn tó ń lò ó.

Àkókò ni mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Plotter kì í wo aago. Bí nọ́ńbà ṣe ń dé ló ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àlàfo àárín wọn ì báà gùn, ì báà kúrú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí Uno, irú bọ́ọ̀dù Arduino kan, tí baud rate rẹ̀ jẹ́ 9600, báìtì 960 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé báìtì kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 10: mẹ́jọ tirẹ̀, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí. "512" àti àmì tó ń parí ìlà jẹ́ báìtì 5. Ìyẹn ni pé kíkà 192 péré ló lè dé ọ̀dọ̀ yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí kóòdù yín yára tó. Tí ẹ bá lé e kọjá ibẹ̀, println á máa dúró de àyè, sensọ̀ ò sì ní rí ẹni kà á. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tó máa yọ.

Kíkà tí kò yá tó tún máa ń bí ìgbì èké. Ariwo iná mànàmáná tó jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ bá kà á ní ìgbà 49 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á yọ sí yín bí ìgbì 1 Hz tó rọra ń lọ sókè sódò, tó mọ́ tónítóní. Wọ́n á ní sensọ̀ ló bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ìgbì náà á ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì kà ju ìlọ́po méjì ohun tó yára jù nínú àmì náà lọ, ẹ má tíì gba gráàfù gbọ́. Èmi kì í kà á kéré sí ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé baud rate lọ sí 115200, kí ẹ lè ní báìtì 11520. Ẹ wá fi àkókò sínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi odindi nọ́ńbà tí micros(), aago bọ́ọ̀dù tó ń ka ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, bá mú wá ránṣẹ́. "12345678,512" pẹ̀lú ìparí ìlà ti di báìtì 14, tí ẹ bá fẹ́ kíkà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní gbà síbẹ̀. Àlàfo láàárín kíkà yìí àti èyí tó ṣáájú ni kí ẹ fi ránṣẹ́: "1000,512" jẹ́ báìtì 10, ó gbà dáadáa. Plotter á tún ya àlàfo náà ní ìlà tirẹ̀, ìlà yẹn sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Kó gbọ̀n díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ta sókè, ẹ má ka ohun tí sensọ̀ sọ níbẹ̀ sí.

Fún dátà tó máa pẹ́, Python ni mo máa ń lò: pyserial láti kà á, pyqtgraph láti yà á. Matplotlib, irinṣẹ́ Python mìíràn tó ń ya gráàfù, falẹ̀ fún gráàfù tó ń rìn. Ẹ kọ dátà sínú fáìlì bó ṣe dé gan-an, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i.

Tó bá jẹ́ I2C tàbí SPI, ọ̀nà tí àwọn ṣíìpù ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀, lẹ fẹ́ wò, ẹ lo PulseView, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì hàn. Ọ̀fẹ́ ni, logic analyzer (ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àmì lórí wáyà) olówó pọ́ọ́kú tó ní ojú mẹ́jọ, tó ń ka 24 MHz, sì bá a ṣiṣẹ́. GND, wáyà ilẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ so. 0 àti 1 nìkan ni logic analyzer ń rí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí fóltéèjì ṣe ń dìde, àfi oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya fóltéèjì. Mo tún máa ń fi logic analyzer yẹ kíkà sensọ̀ wò: mo ń mú kí pin kan yí padà ní gbogbo ìgbà tí analogRead bá parí, màá wá wọn àlàfo rẹ̀ nínú PulseView. Aago tí kì í ṣe ti Arduino ló ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀, torí náà bí aago bọ́ọ̀dù bá ń sáré tàbí tó ń falẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti rí i.