Ẹ Má Payínkeke Lórí Ẹní: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Másáàjì Táíláǹdì

Ó ń ká mi lára. Èèyàn á san owó gidi, ì báà jẹ́ ní Bangkok níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ń ṣe é, nítorí ẹ̀yìn tó ti ń ro ó láti ọdún pípẹ́. Nígbà tó bá jáde, ìrora á tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹun yó wá. A máa ń tẹ ikùn.

Ìkejì, ẹ má retí òróró. Ẹ ó wọ aṣọ tó gbà yín dáadáa, ẹ ó sùn sórí ẹní nílẹ̀, a ó sì fi àtàǹpàkò, ìgúnpá, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ yín, a ó tún nà yín.

Ìkẹta ló ń bí mi nínú jù: ìfaradà. Ta ló sọ fún yín pé bó bá ṣe ń dùn yín tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó? Ọkùnrin kan wá, èjìká rẹ̀ le koko. Mo gbé ìgúnpá lé e, mo bi í bó ṣe rí. "Kò séwu, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò, ó di etí ẹní mú, kò mí mọ́. Iṣan ara tó ń bẹ̀rù á súnkì ni. Ohun tí mo fẹ́ tú, òun ló ń dì í. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo ní kó mí kanlẹ̀. Nígbà tó mí tán, àtàǹpàkò nìkan ti tó. Àwòrán ara tí Ọba Rama Kẹta ti Táíláǹdì ní kí wọ́n fín sára òkúta ní Wat Pho, tẹ́ńpìlì kan ní Bangkok, ojú ibi tó yẹ kí ọwọ́ bà ló ń fi hàn wá, kì í ṣe bí ìrora ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Iṣẹ́ másáàjì yìí tí àjọ UNESCO gbà wọlé bí ogún àṣà aráyé ní 2019 kì í ṣe ìjàkadì! Bó bá ń dùn yín ní Bangkok, ẹ sọ pé "jep". Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́, "bao bao".

Ọrùn ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ lọ́ ọ títí á fi dún, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì lè ya.

Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ríru, oyún, egungun tí kò lágbára mọ́ tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pamọ́ fún wa. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó sì ń ro, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dì níbẹ̀ lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn kan máa ń sunkún lórí ẹní. Ẹ jẹ́ kó jáde, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ara tó bá rọ̀ máa ń fúnni ní oorun tó dáa, ọkàn náà a sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú débi tí kò lè jẹun tàbí tí ayé ti sú, dókítà ni kó tètè lọ rí. Ẹni tó bá gba owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òun á fi másáàjì wò ó sàn ń tàn án jẹ ni.

Ẹ má sì san owó ìgbà mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ti wù kí wọ́n dín in kù tó. Ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ sùn, ẹ wo bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kejì. Bó bá rọ̀ yín lára, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é fún yín ni kẹ́ ẹ padà sí, torí ó ti mọ ibi tó ń dùn yín.