Àṣìṣe tí àwọn kánsílọ̀ wa ń ṣe tí wọ́n bá ń bẹ ìpínlẹ̀ nítorí ariwo títì àti ilé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kánsílọ̀ tuntun kan gbé lẹ́tà wá fún mi nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé mẹ́rin ni, ìkíni ló sì gba mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ gan-an kò ju ìlà méjì lọ: ariwo tírélà ń pa wá, ògiri wa ń lanu, ẹ ṣàánú wa. Ó ti sanwó bọ́ọ̀sì méjì fún àwọn tó máa bá a lọ sí Agodi, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó dùn mí, torí owó àdúgbò ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń kọsẹ̀.

1. Ẹ má bẹ ẹni tí kò ni títì pé kó wá tún un ṣe. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Ohun tí ẹ lè tọrọ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni pé kó bá yín dá sí i, kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wọn tó wà ní Ìbàdàn.

2. "Ariwo pọ̀" kì í ṣe ẹ̀rí. Òfin ariwo tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ń lò láti ọdún 2009 fi 50 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìyẹn ìwọ̀n ariwo) sí ọ̀sán, ó fi 35 sí òru, fún àdúgbò tí kìkì ilé gbígbé wà. Ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé ibi tí èèyàn ń sùn fún òru méje, kí ẹnì kan máa kọ aago àti iye tírélà tó kọjá. Ìwé yẹn ni kó ṣíwájú, kì í ṣe ìkíni.

3. Bọ́ǹpù. Èyí ló ń dùn mí jù, torí mo wà níbẹ̀. Tírélà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ kan ní àdúgbò wa, la bá dáwó. Èmi gan-an ni mo di ìwé owó mú. A ra sìmẹ́ńtì àti òkúta, a gba lébìrà, wọ́n sì mọ bọ́ǹpù méjì lóru ọjọ́ kan. Tẹ́lẹ̀, tírélà á sáré kọjá ni, ó ti lọ. Láti òru ọjọ́ yẹn, bó bá ti ń sún mọ́ bọ́ǹpù, á tẹ bíréèkì, ẹ ó gbọ́ ṣììì. Tí táyà bá gùn ún, ara ọkọ̀ tí kò lẹ́rù á ró gbàgà-gbàgà. Ìgbà tó bá wá fẹ́ gbéra, á já jíà, ẹnjìnnì á sì bú ramúramù títí á fi kọjá ilé kẹfà. Ariwo kan ti di mẹ́ta, ojú fèrèsé wa sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan tó ń dín àkàrà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí bọ́ǹpù àkọ́kọ́, gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ó wá bá mi láàárọ̀, kò bú mi rárá. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ nǹkan yìí." A tún dáwó láti hú u. Ojú ibi tí a hú di kòtò, kòtò náà sì ń mú ọkọ̀ pariwo. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ariwo tí a kọ̀wé lé lórí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó gbà wá láyè láti fọwọ́ kan títì. A ò rí èsì fọ̀.

Tó bá jẹ́ eré àsápajúdé lẹ ń sá fún, ẹ ké sí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kòtò ni kí ẹ bẹ àwọn tó ni títì kí wọ́n dí.

Ìlà igi kan tí ẹ bá gbìn sẹ́bàá títì kì í dá ariwo dúró. Tí ẹ bá ṣì ń rí tírélà, ẹ ó máa gbọ́ ọ.

Èèyàn mẹ́ta tó láti gbé lẹ́tà lọ. Ẹ má rà ánkárá. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀.

Ẹ má sì po ọ̀rọ̀ ilé mọ́ ọ̀rọ̀ ariwo nínú lẹ́tà kan. Ọ̀tọ̀ ni tábìlì tí ti ilẹ̀ àti ilé gbígbé ń lọ. Lẹ́tà tó gbé méjèèjì, oníkálukú á máa tì í sí ẹnì kejì ni. Kí ẹ tó kọ ti ilé rárá, ẹ ra téèpù. Ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú títì yìí jẹ́ mítà 45.72 láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 150. Àdúgbò kan lọ́nà Ọ̀yọ́ kò wọn tiwọn. Wọ́n ní kí ìjọba wá wo ògiri tó ń lanu, wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n na téèpù láti àárín títì. Ó kọjá gọ́tà, ó kọjá kànga, ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ pálọ̀ bàbá tó jẹ́ alága wọn, ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ló ti dúró. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri. Ọjọ́ kejì ni bàbá pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ṣé a lè lọ gba lẹ́tà náà padà.