Bí A Ṣe Ń Fi Python Ya Òjò Oṣù Ògún sórí Máàpù

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ya máàpù òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti inú dátà àgbáyé, Lomé hàn níbẹ̀, Kútọnu hàn, Ìbàdàn náà hàn, ṣùgbọ́n láti Accra títí dé Abidjan, funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ẹ̀kán òjò kan kò bọ́ sí ilẹ̀ Gánà lóṣù náà. Kọ̀ǹpútà kò sì kìlọ̀ fún mi rárá, torí ohun tí mo ní kó yà gan-an ló yà. Mo máa sọ ohun tó fà á níwájú, nítorí pé àwa tí ilé wa wà nítòsí ìlà Greenwich, ìlà òdo tó pín ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ni ọ̀rọ̀ náà ń dààmú jù.

Dátà tí a ó lò ni ERA5, tí ECMWF, àjọ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, ń ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1940. Ọ̀fẹ́ ni lórí Climate Data Store, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó o sí, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ tí ẹ sì gba àdéhùn wọn. Ẹ wò ó bí àwọ̀n apẹja tí a tẹ́ bo gbogbo ayé: ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdámẹ́rin dígírí, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 28 ní agbègbè wa, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbé agolo òjò kalẹ̀ ní gbogbo ibẹ̀ o. Ìṣirò ojú ọjọ́ tí wọ́n fi ohun tí àwọn èèyàn àti sátẹ́láìtì rí ń tọ́ sọ́nà ló mú nọ́ńbà náà wá.

Ẹ gba òjò oṣù Agẹmọ (July) àti oṣù Ògún (August) ọdún 2023 láti inú dátà olóṣooṣù ti gbogbo ayé, kí ẹ sì sọ fáìlì náà ní `ojo.nc`. Ìdí tí mo fi mú oṣù méjèèjì ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí August break, ìgbà tí òjò máa ń dẹwọ́ létíkun, tí àwọn àgbẹ̀ ń ráyè sá àgbàdo, nígbà tí ti Òkè Ọya ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ kíkankíkan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi conda, ètò tó máa ń gbé irinṣẹ́ Python wá, kó àwọn irinṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà:

`conda install -c conda-forge xarray netcdf4 matplotlib cartopy`

Xarray ló ń ka dátà, netcdf4 ló ń bá a ṣí fáìlì `.nc`, Matplotlib ló ń ya àwòrán, Cartopy ló sì mọ bí ayé ṣe rí. Ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ sì kọ́kọ́ tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta kí ẹ tó ya ohunkóhun:

```
import xarray as xr
import matplotlib.pyplot as plt
import cartopy.crs as ccrs
import cartopy.feature as cfeature

ds = xr.open_dataset("ojo.nc")
print(ds)
```

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò nínú ohun tó bá jáde. Àkọ́kọ́ ni `longitude`, dígírí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 tó sì lọ títí dé 359.75. Lomé, Kútọnu àti Ìbàdàn wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, nítorí náà nọ́ńbà wọn kéré. Accra wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ díẹ̀, kò tilẹ̀ tó ìdámẹ́rin dígírí, síbẹ̀ nínú fáìlì yìí ó ti lọ jókòó sí nǹkan bíi 359.8, ní òpin kejì dátà. Bí ẹ bá ní kó mú -10 sí 16 wá, láti 0 sí 16 nìkan ni yóò rí mú, torí kò sí nọ́ńbà tó dín sí òdo níbẹ̀. Ohun tó gbé òjò Gánà lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ:

```
ds = ds.assign_coords(longitude=(ds.longitude + 180) % 360 - 180)
ds = ds.sortby("longitude")
```

Èkejì ni `latitude`, dígírí àríwá àti gúúsù, tó bẹ̀rẹ̀ láti 90 lókè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá kọ `slice(3, 15)`, òfìfo ni ẹ ó gbà. Nọ́ńbà tó tóbi ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n: mítà ni wọ́n fi wọn òjò náà, tó ń jẹ́ `tp` nínú fáìlì, ìpín ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni. A ó fi 1000 sọ ọ́ di mìlímítà, a ó sì fi 31 sọ ọ́ di ti oṣù kan. Láti òdo ni Python ti ń kà, nítorí náà oṣù Ògún ni 1:

```
ojo = ds["tp"].isel(valid_time=1) * 1000 * 31
ojo = ojo.sel(latitude=slice(15, 3), longitude=slice(-10, 16))
```

Ó wá ku yíyà:

```
ax = plt.axes(projection=ccrs.PlateCarree())
aworan = ax.pcolormesh(ojo.longitude, ojo.latitude, ojo,
    transform=ccrs.PlateCarree(), cmap="YlGnBu", vmin=0, vmax=400)
ax.coastlines(resolution="10m")
ax.add_feature(cfeature.BORDERS)
plt.colorbar(aworan, ax=ax, label="Òjò (mm)")
plt.savefig("ogun.png", dpi=200)
```

Ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní títàn nígbà àkọ́kọ́, nítorí Cartopy yóò lọ gba etíkun àti ààlà orílẹ̀-èdè wá.

Ọ̀rọ̀ `projection` àti `transform` máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. `projection` ń sọ irú máàpù tí ẹ fẹ́ rí. `transform` ń sọ èdè tí dátà yín ń sọ, èyí tí í ṣe dígírí. Bí ẹ bá yọ `transform` kúrò lónìí, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan, nítorí PlateCarree, máàpù tó ń lo dígírí bó ṣe wà, ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá yí `projection` sí LambertConformal, irú máàpù mìíràn tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, tí kò sì sí `transform`, Cartopy yóò ka dígírí bíi mítà, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò sì sún kì di tóótó kan tí ojú kò ní rí. Ẹ máa kọ ọ́ nígbà gbogbo.

Mo fẹ́ràn `pcolormesh` tí a lò yìí ju `contourf`, àṣẹ yíyà mìíràn, lọ. `contourf` máa ń dán, ó sì máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ó ń dọ́gbọ́n kún àlàfo, èèyàn á sì rò pé dátà mọ ohun tí kò mọ̀. Pẹ̀lú `pcolormesh`, ojú àwọ̀n hàn kedere, ẹ ó sì rí i pé ojú kan náà ni Ìkòyí àti Lẹ́kì wà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi máàpù yìí jà pé òjò ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ.

Ẹ tún un yà fún oṣù Agẹmọ pẹ̀lú `isel(valid_time=0)`, ẹ yí orúkọ fáìlì padà, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan `vmin` àti `vmax`, iye òjò tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí ẹ bá jẹ́ kí máàpù kọ̀ọ̀kan yan ìwọ̀n tirẹ̀, oṣù tí òjò rẹ̀ kéré yóò dúdú bíi ti oṣù tí òjò rẹ̀ pọ̀, a kò sì ní lè fi wọ́n wéra.

Kí ẹ tó fi máàpù han ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè iye òjò ìlú kan tí ẹ mọ̀. Ìbàdàn ni mo máa ń béèrè:

`print(float(ojo.sel(latitude=7.4, longitude=3.9, method="nearest")))`

Bí èsì kò bá tó ẹyọ kan, bíi 0.1, ẹ ti gbàgbé 1000 yẹn. Bí kò bá ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 31 lẹ gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè Accra pẹ̀lú 5.6 àti -0.2, kí ẹ rí i bóyá Gánà ti padà sílé.