Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Mú Kí Ẹgbẹ́ Alájùsápẹ̀rẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Pàdánù Bọ́ọ̀lù Tó Ta Padà

Ọdọọdún ni mo ń rí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ná owó gọbọi lórí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ìfò àti lórí wíwá ọmọ gíga kiri, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ta padà lára irin apẹ̀rẹ̀, alátakò ni yóò gbà á. Ó ń dùn mí, nítorí àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni èrò pé gíga nìkan ló ń gba bọ́ọ̀lù. Dennis Rodman, tó gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì Southeastern Oklahoma State, kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 7 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣíwájú gbogbo NBA, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Amẹ́ríkà, nínú gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà fún ọdún 7 léraléra, láti 1992 sí 1998. Kenneth Faried ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehead State, tí òun náà kì í ṣe òmìrán láàrin àwọn tó ń dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2011 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tó ta padà 1,673, ó sì kọjá 1,570 tí Tim Duncan, òmìrán agbábọ́ọ̀lù, kó jọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wake Forest.

Èkejì ni kíka iye bọ́ọ̀lù tí a gbà láì ka iye tó wà láti gbà: bí bọ́ọ̀lù púpọ̀ bá ta padà, iye tí ẹ gbà lè pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù lọ. Bí alátakò bá ti ju bọ́ọ̀lù, gbogbo ọmọ márààrún a gbójú sókè, ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ a sì rọra yọ́ gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Ẹni ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá bọ́ọ̀lù: ẹ fi apá kàn án, ẹ yí padà, ẹ fi ìdí tì í ní itan, ẹ tẹ orúnkún, ẹ la ẹsẹ̀ gbòòrò, nígbà náà ni kí ẹ wá wòkè. Mo bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ń dá ọmọ gíga wọn lẹ́bi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń dí ẹni tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dáadáa. Àwọn kúkúrú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sáré lọ síwájú kí wọ́n lè tètè jẹ ayò, tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí ibi tí wọ́n ti kúrò. Bọ́ọ̀lù tí a jù láti ọ̀nà jíjìn sábà máa ń ta jìnnà, èyí tí a sì jù láti igun kan sábà máa ń bọ́ sí òdìkejì, nítorí náà iṣẹ́ àwọn kúkúrú ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí àìbìkítà yìí ń náni. Láti sáà 2019–20, bí alátakò bá gba bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó lu irin padà nínú ìdíje ọkùnrin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, aago tó ń ka àkókò tí ẹgbẹ́ ní láti ju bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yín ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sá kiri.

Ọ̀pọ̀ akọ́ni sì máa ń fọn fèrè dá ìdánrawò dúró ní kété tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, èyí tó ń kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ má fọn fèrè títí bọ́ọ̀lù yóò fi wà lọ́wọ́ ẹnì kan pinpin. Bí ẹ bá sì ń wo fídíò, ẹ dá a dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti wà lójú ọ̀run, kí ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kàn.