Ìdúró lórí ìlà ló ń ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹ̀yin kóòṣì jimnásítíìkì ọmọdé

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ 24 ni mo ń kọ́ lápá Aṣẹ́rọ̀ l'Ábẹ́òkúta níbí, gbogbo Sátidé, wákàtí kan àtààbọ̀, máàtì kan ṣoṣo la sì ní. Kó tó dé ìdajì, ariwo á ti gba ibẹ̀ kan, àwọn kan ń jà, àwọn kan ti lọ ra gúgúrú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Àwọn ọmọ yẹn ò ya pòkíì o, ìdúró ló sú wọn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀: tí ọmọ kan bá lo ogún sẹ́kọ́ńdì láti sáré wá, kó tàkìtì, kó dìde kó sì kúrò lórí máàtì, ìṣẹ́jú 8 ló máa gbà kó tó tún kan ẹni àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún méje wo ló máa dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 8? Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó máa ń fa òwú etí ẹ̀wù ẹ̀ tó bá ń retí kó kàn án, lọ́jọ́ kan tí mo fi máa pè é, etí ẹ̀wù yẹn ti tú yíká, òwú wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí èmi ni mo dá a dúró.

Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà. Sítéṣọ̀n kìíní ni máàtì, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ torí ibẹ̀ léwu jù. Ìkejì, ìdí ògiri, kí wọ́n fọwọ́ dúró kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ gun ògiri. Ìkẹta, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kó gùn tó mítà 5, bí bíìmù (igi tóóró tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀) tí wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì ṣe fẹ̀ tó tó sì gùn tó gan-an nìyẹn, àfi pé tiwọn ga ní mítà 1.25, kí wọ́n máa rìn ín láìtẹ ìlà. Ìkẹrin, táyà àlòkù lọ́wọ́ fọganáísà, kí wọ́n fò sínú ẹ̀ kí wọ́n sì tẹ orúnkún bí wọ́n bá balẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ fọn fèrè, kí wọ́n yí. Ẹ wò ó, máàtì ò dín kù fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí wọ́n ń tàkìtì nínú 40 ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún nǹkan mìíràn ti kún un.

Ìbéèrè: Ká tó mú ara gbóná tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ.

Ìdáhùn: Ẹ yé jẹ́ kí wọ́n máa sáré yí pápá ká, sísáré ò mú ọrùn ọwọ́ gbóná, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n sì máa fi gbé ara wọn. Ìṣẹ́jú 12 tó: kí wọ́n rìn bí ọ̀bọ, kí wọ́n fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n yí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, ó parí.

Ìbéèrè: Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọbáńtókò máa ń pẹ́, gòsúlóò, ṣé ká máa dúró dè wọ́n?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ẹni tó bá pẹ́, kó lọ mú ara gbóná ní ẹ̀gbẹ́ kó tó dara pọ̀, ẹ má jẹ́ kó ti ọ̀kadà bọ́ sórí máàtì tààrà.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin kan ń bẹ̀rù òkìtì ẹ̀yìn, ó sì ń dá gbogbo ìlà dúró. Ṣé kí n tì í?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í! Ọrùn ọmọ kì í ṣe nǹkan àṣeré. Ẹ dá a padà síbi tó ti mọ̀ ọ́n: ẹ fi pákó gbé máàtì sókè lápá kan kó dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó ti òkè yí ẹ̀yìn wálẹ̀, kẹ́ ẹ di ìbàdí ẹ̀ mú. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó lọ sí sítéṣọ̀n tó kàn, kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀, ẹ má ṣe máa rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níṣojú ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ló ń mú ẹ̀rù ẹ̀ le sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún fún un níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn náà. Ọjọ́ tó bá ti ṣe é láìsí ọwọ́ yín ní ìbàdí ẹ̀, ẹ yọ pákó yẹn díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.