Láàpútọ́ọ̀pù tí kò tàn lẹ́yìn update BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀)

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbé e lọ sí Banex, ọjà àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Abuja, ẹ ní sùúrù ná. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú ṣùgbọ́n tí fáànù ń yí, ẹ fi í sílẹ̀ lórí ṣájà fún ìṣẹ́jú 30. Ó lè kú kó tún tan fúnra rẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá pa á tipátipá lásìkò yìí ló ń bà á jẹ́.

Bí kò bá yí padà, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá ki ṣájà padà. Bí kò bá tíì tàn, ẹ jẹ́ kó tún BIOS ṣe fúnra rẹ̀: fún Dell, ẹ tẹ Ctrl àti Esc mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń ki ṣájà. Ti HP ni kí ẹ tẹ Windows àti B mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án.

Bí Windows bá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tó fi ń ti fáìlì pa), fáìlì yín kò sọnù o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà, tó jẹ́ díjíìtì 48, sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín: aka.ms/myrecoverykey.

Bí ẹ bá rí INACCESSIBLE BOOT DEVICE, ẹ má tíì ra hard disk. Update lè ti yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀ padà, láti AHCI sí RAID. Ẹ wọ inú BIOS pẹ̀lú F2 (Dell) tàbí F10 (HP) bó ṣe ń tàn, kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe update BIOS nígbà míì, ẹ dá BitLocker dúró ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí bátìrì sì ti kún dáadáa, torí NEPA.