Bí mo ṣe yanjú "mù-à-nù" lẹ́nu ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní fónííkì nílé, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà kàwé Òyìnbó, ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ mi mọ ìró lẹ́tà dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó ka "man" báyìí, "mù-à-nù" ló máa sọ, á wá dákẹ́ máa wò mí. Tíṣà lẹ́sìn ẹ̀ níbí ní Ṣágámù ló ń fi "ù" tì í lẹ́yìn, Yorùbá náà kì í sì fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, torí ẹ̀ ló ṣe mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní ká gé "ù" yẹn dànù. Àwọn tó ṣe é fà la kọ́kọ́ mú, mmmm, ssss, nnnn, mo fi máákà kọ wọ́n sórí ìdérí ìgò míníráà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ láì mí: mmmaaannn. Man! Ariwo tó pa, ìyá onígààrí ẹ̀gbẹ́ wa sáré yọjú.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó gbé t àti p tí ò ṣe é fà, p Òyìnbó kì í sì í ṣe p "pátápátá" o, afẹ́fẹ́ lásán ni, ẹ gbọ́wọ́ síwájú ẹnu ẹ ó mọ̀ ọ́n. Orin ABC lè dúró ná jàre, orúkọ lẹ́tà ló ń pè, kì í ṣe ìró wọn. Ó ku "th", ìyẹn ò sí lédè wa rárá, mo ṣáà ń ní kó yọ ahọ́n díẹ̀ sáàárín eyín.